Ẹ Gba Ṣọ́ọ̀kì Lọ́wọ́ Rẹ̀ Ná

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ẹ̀yin ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin ọkọ àti ìyàwó olùkọ́ tí ẹ bá wọn wá síbí, mo kí gbogbo yín. Ẹ kú àjọyọ̀ Ọjọ́ Àwọn Olùkọ́.

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí bí olùkọ́ àti ọ̀rẹ́ ṣe lè dúró ti ara wọn nígbà tí owó ilé-ẹ̀kọ́ bá lọ sílẹ̀ tí àìsàn sì tún kan ilẹ̀kùn. Ohun kan ṣoṣo ni mo gbé wá. Bí àìsàn bá wọ ilé olùkọ́, kíláàsì rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ tó máa kó owó jọ. Mo mọ̀ pé owó ló máa ń kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn. Àpòòwé la máa ń gbé káàkiri, a ó kọ orúkọ, a ó dá ẹgbẹ̀rún méjì-méjì, a ó rán ẹni méjì lọ kí aláìsàn, ó tán. Owó náà wúlò, n kò sì ní kí a má dá a. Ṣùgbọ́n ẹni tí ìyá rẹ̀ wà lórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn tí òun fúnra rẹ̀ sì ní píríọ́dù mẹ́rin lọ́jọ́ kan náà, àkókò ni kò ní. Kò sí báńkì tó ń yáni ní àkókò. Àwa tí a jọ wà ní yàrá olùkọ́ nìkan la lè fún un.

Kí n tó ṣàlàyé bí a ṣe ń ṣe é, ẹ jẹ́ kí a rántí ìdí tí ọjọ́ 5 oṣù Kẹwàá fi jẹ́ ọjọ́ tiwa. Ní ọdún 1966 ni àjọ UNESCO àti àjọ àwọn òṣìṣẹ́ lágbàáyé, ILO, jọ fọwọ́ sí ìwé kan lórí ipò olùkọ́. Láti ọdún 1994 ni a sì ti ń ṣe ìrántí rẹ̀ lọ́dọọdún. Ìwé náà kò dá lórí ẹ̀kọ́ nìkan. Ó sọ̀rọ̀ owó oṣù, ó sọ̀rọ̀ iye ọmọ tó yẹ kó wà nínú kíláàsì, ó sì sọ̀rọ̀ ìtọ́jú olùkọ́ tí àìsàn bá kọlù. Ó wù mí kí olúkúlùkù wa mọ èyí, nítorí àwọn kan máa ń rò pé ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ ara tirẹ̀ àti ilé tirẹ̀ ti kúrò lórí ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ gan-an ni. Ó ti wà nínú ìwé láti bí ọgọ́ta ọdún.

Gígé owó kì í ṣe nǹkan tuntun sí wa. Ọjọ́ 8 oṣù Keje ọdún 1931 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ olùkọ́, NUT, sílẹ̀ ní Èkó, Àlùfáà Israel Oludotun Ransome-Kuti sì ni ààrẹ rẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹ wo ọdún náà dáadáa. Ọrọ̀ ajé gbogbo ayé ti dẹnu kọlẹ̀ nígbà yẹn. Ìjọba amúnisìn ń ṣọ́ owó ná, àwọn olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ sì ń gba owó tí kò tó ti olùkọ́ ìjọba, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe. Inú ọdún àìrówó la ti bí ẹgbẹ́ wa. Àwọn àgbà tó wà níbí yóò rántí ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, nígbà tí owó epo já wálẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ jẹ olùkọ́ lówó oṣù bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ ta ni yóò máa san owó olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ síwá lọ sẹ́yìn láàrin ìjọba àpapọ̀, ìpínlẹ̀ àti ìbílẹ̀, kò sì tíì parí di òní. Nígbà tí Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dájọ́ ní ọjọ́ 11 oṣù Keje 2024 pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́dọ̀ wọn tààrà, àwọn kan ń jó, àwa ń béèrè pé owó olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ńkọ́? Ìdí wà fún ìbéèrè náà. Ní ọdún 2025, àwọn ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba ní Àbújá wà ní títì fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ nítorí owó oṣù tó kéré jù, ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́rin náírà, tí àwọn ìgbìmọ̀ ìbílẹ̀ ibẹ̀ kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í san fún olùkọ́.

Ṣùgbọ́n èyí tí mo fẹ́ kí a dúró lé lórí díẹ̀ ni ti ọdún 2015. Ní àárín ọdún 2014, àgbá epo rọ̀bì kan ṣì ń ju 100 dọ́là lọ. Nígbà tí yóò fi di oṣù Kìíní 2016, kò tó 30 dọ́là mọ́. Owó epo yìí ni wọ́n ń kó jọ sí Àbújá tí wọ́n fi ń pín fún ìpínlẹ̀, nítorí náà nígbà tí yóò fi di àárín 2015, ìpínlẹ̀ tó ń jẹ òṣìṣẹ́ lówó oṣù ti ju ogún lọ. Ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ètò tí wọ́n ṣe ni pé ẹni tó wà ní ìpele 1 dé 7 yóò gba owó rẹ̀ pé, ìpele 8 dé 10 yóò gba ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, ìpele 12 sókè yóò gba ìdajì. Ọdún 2018 ni owó náà tó padà pé.

Ẹni tó kọ́kọ́ gbọ́ ètò náà lè ní ó dáa, wọ́n ṣàánú àwọn tó kéré. Mo gbà pé àánú náà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ẹni tó wà ní ìpele 12 sókè. Ẹni tó bá gba NCE, ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ olùkọ́, ìpele 7 ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó gba dìgíríì, ìpele 8. Kí olùkọ́ tó dé ìpele 12, ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, ó sì lè ti máa sún mọ́ àádọ́ta ọdún tàbí kó ti kọjá rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ àgbà wà ní yunifásítì. Bàbá àti ìyá rẹ̀ ti darúgbó, ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ ti ń bá wọn fínra. Òun fúnra rẹ̀ ti ń lo oògùn. Ìdajì owó yẹn bọ́ sórí ọjọ́ orí tí àìsàn ń wọlé sí jù lọ. N kò rò pé ẹni kankan jókòó pinnu pé bẹ́ẹ̀ ni kó rí, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ ló rí.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣí péésílíìpù. Ẹ jẹ́ ká fi ṣe àpẹẹrẹ pé ₦80,000 ni olùkọ́ kan ń gbà. Ó jẹ gbèsè alájẹṣẹ́kù tó fi ra ilẹ̀, ₦20,000 ni wọ́n ń yọ lóṣù. Ó yá owó báńkì san owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ, ìyẹn ń yọ ₦18,000. Nígbà tí owó pé, ₦42,000 ló ń kù, ó ń fi í jẹun, ó ń fi í wọkọ̀. Wọ́n wá sọ owó di ìdajì, ₦40,000. Gbèsè kò di ìdajì o. Alájẹṣẹ́kù yọ tirẹ̀, báńkì yọ tirẹ̀, ó ku ₦2,000. Ìdajì owó la pè é, ṣùgbọ́n ẹni tó gbé e délé mọ̀ pé owó oṣù ti tán lórí bébà kó tó dé ọwọ́. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ la wá pè lórí fóònù láago méjì òru pé ìyá rẹ̀ ṣubú ní balùwẹ̀, ẹnu rẹ̀ ti wọ́ sápá kan.

Ẹ ó ní ṣebí ètò adójútòfò ìlera wà. Ó wà, ó sì ti gba ọ̀pọ̀ là. Ètò ìjọba àpapọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2005, òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀ ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ọkọ tàbí aya rẹ̀ àti ọmọ mẹ́rin tí kò tíì pé ọdún 18. Bàbá àti ìyá kò sí níbẹ̀, àfi kí èèyàn san owó mìíràn lé e. Bẹ́ẹ̀, láàrin wa, ta ni àìsàn òbí kì í ṣe ẹrù rẹ̀? Ọ̀rọ̀ ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́ náà kò yàtọ̀. Bí ara olùkọ́ fúnra rẹ̀ kò bá yá, dókítà lè kọ̀wé kó sinmi. Bó bá jẹ́ ìyá rẹ̀ ni ara rẹ̀ kò yá, àyè díẹ̀ tí wọ́n ń fún òṣìṣẹ́ fún ọ̀rọ̀ pàjáwìrì, ọjọ́ bíi mélòó kan lọ́dún, ló kù fún un. Àrùn rọpárọsẹ̀ kì í gba ọjọ́ mélòó kan. Oṣù ló ń gbà, ó sì lè di ọdún.

Ìdí nìyí tí mo fi ní kíláàsì ni kí a kọ́kọ́ gbà. Mo fẹ́ sọ bí mo ṣe rí i tí wọ́n ṣe é ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan tí mo ti ṣiṣẹ́, ní ìgbà kan tí owó oṣù kì í pé. Olùkọ́ ìṣirò ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Ìyá Ìbejì la máa ń pè é, ẹ jẹ́ kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìdánwò WAEC kù díẹ̀. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé ìyá òun wà nílé ìwòsàn. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni yóò ti lọ tò síbi tí wọ́n ti ń gba káàdì, yóò fi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ síbẹ̀, yóò sáré wá síléèwé, yóò kọ́ àwọn ọmọ, yóò sì tún sáré padà. Ìwé ìdánwò àwọn ọmọ SS2 ló ń mákì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọ́ọ̀dù ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí ìyá akẹ́kọ̀ọ́ kan, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì níbẹ̀, rí i. Obìnrin náà ló wá bá igbákejì ọ̀gá wa. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, tíṣà yín ń ṣubú lọ."

Igbákejì ọ̀gá kò pe ìpàdé. Ó pe ẹni mẹ́ta sínú ọ́fíìsì rẹ̀. Olùkọ́ físíìsì ní òun yóò gba SS3, nítorí òun mọ ibi tí ìdánwò máa ń wo. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ gba SS1. Ìyá kan tó ń kọ́ Yorùbá, tó ní òun kò mọ ìṣirò rárá, ní kí wọ́n fún òun ní rẹ́jísítà kíláàsì tí Ìyá Ìbejì jẹ́ olùkọ́ rẹ̀. Ó ní òun yóò máa pe orúkọ, òun yóò máa gba ẹjọ́ àwọn ọmọ, òun yóò sì máa rí àwọn òbí. Mo fẹ́ kí ẹ ṣàkíyèsí obìnrin náà. Ọ̀pọ̀ wa máa ń ní a kò lè ran ẹnì kejì lọ́wọ́ nítorí pé a kò kọ́ iṣẹ́ tirẹ̀. Rẹ́jísítà kò gba ìṣirò. Ó máa ń gba wákàtí kan lójúmọ́, wákàtí kan yẹn ni Ìyá Ìbejì fi ń fún ìyá rẹ̀ lóúnjẹ.

Wọ́n wá lọ bá a. Ó kọ́kọ́ kọ̀. Ó ní òun ń bọ̀ wá ṣe é fúnra òun, ó ní òun kò fẹ́ di ẹrù. Olùkọ́ físíìsì, tó kéré sí i lọ́jọ́ orí, dọ̀bálẹ̀ fún un níbẹ̀, ó ní, "Ìyá wa, ẹ fún mi ní ṣọ́ọ̀kì yẹn. Bí Màmá bá dìde, ẹ ó gbà á padà." Ìyá Ìbejì gbé ìwé kékeré kan jáde ní ọjọ́ kejì. Mo rí ìwé náà. Fún kíláàsì kọ̀ọ̀kan, ó kọ ibi tó kọ́ wọn dé, ó kọ èyí tí wọn kò tíì lóye, ó sì kọ nípa àwọn ọmọ bí ẹni tó ń fi ọmọ tirẹ̀ lé alágbàtọ́ lọ́wọ́. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọmọkùnrin tó ń jókòó lẹ́yìn pátápátá lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé kò ríran dáadáa, ojú ló sì ń tì í, kí wọ́n má ṣe pè é síwájú níṣojú àwọn yòókù, kí wọ́n kàn yí ìjókòó gbogbo kíláàsì padà. Ó kọ orúkọ ọmọbìnrin méjì tó mọ ìṣirò tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n lè máa kọ́ àwọn ẹgbẹ́ wọn. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí olùkọ́ jẹ́, ẹ wá irú ìwé bẹ́ẹ̀ kà.

Irú ìwé yìí ni mo bẹ̀ yín pé kí olùkọ́ kọ̀ọ̀kan ní, nígbà tí ara ṣì le tí ilé ṣì tòrò. Kì í ṣe lẹ́sìn nóòtì tí à ń kọ fún àwọn alábẹ̀wò. Ìwé kékeré ni, tí ẹlòmíràn lè gbé lọ́wọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan kó sì wọ kíláàsì rẹ láìbéèrè nǹkan lọ́wọ́ rẹ. Ẹni tó wà nílé ìwòsàn kò yẹ kó máa gbé fóònù láti ṣàlàyé ibi tí ó kọ́ ìdógba dé.

Àwọn baba wa mọ ètò yìí lóko, wọ́n pè é ní àárò. Lónìí a ó gbé ọkọ́ lọ sóko tèmi, lọ́la sóko tìrẹ, ẹni tí a bá bá ṣe, tirẹ̀ ni láti bá ẹlòmíràn ṣe. Àárò ní ìṣirò nínú. Ojú kì í ti ẹni tí wọ́n wá bá ro oko, nítorí ó mọ̀ pé òun náà ti ro ti ẹlòmíràn, tàbí òun yóò rò ó. Ohun tó yẹ kí a mú wọ yàrá olùkọ́ nìyẹn. Kí ó ní ìwé. Kí igbákejì ọ̀gá kọ ẹni tó gba píríọ́dù, iye tó gbà, àti ti ta ni. Kí ó sì yípo, torí mo ti rí i ní ilé-ẹ̀kọ́ tó pọ̀ pé àwọn obìnrin méjì tàbí mẹ́ta kan náà ló máa ń ru gbogbo rẹ̀. Àwọn náà ni wọ́n ń se ọbẹ̀ lọ fún aláìsàn, àwọn náà ni wọ́n ń gba kíláàsì, àwọn ọkùnrin ń fi ẹgbẹ̀rún kan ránṣẹ́. Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ má bínú sí mi, ẹ gba kíláàsì. Àwọn ọ̀dọ́ olùkọ́ náà, àwọn àgbà nílò ẹsẹ̀ yín, ẹ sì nílò ìrírí tiwọn. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè.

Ó kan ọ̀rọ̀ owó. Mo fẹ́ yára lórí èyí, nítorí ẹ ti mọ ọ́n ju mi lọ. Ẹni tó bá ń dá èésú, tí ìgbà rẹ̀ sún mọ́ tosí, lè fi ìgbà náà sílẹ̀ fún ẹni tí àìsàn wà nílé rẹ̀. Kò pàdánù kọ́bọ̀, ó kàn dúró díẹ̀ ni. Nínú alájẹṣẹ́kù, ẹ jẹ́ kí ìgbìmọ̀ ní àṣẹ láti dá owó tí wọ́n ń yọ dúró fún oṣù díẹ̀ bí owó oṣù bá di ìdajì, kí ìlànà náà sì ti wà lákọọ́lẹ̀ kí ọjọ́ náà tó dé. Àpẹẹrẹ péésílíìpù tí mo ṣe lẹ́ẹ̀kan fi hàn pé àwa fúnra wa la máa ń gba èyí tó kù lọ́wọ́ ọmọ ẹgbẹ́ wa. Àwọn onídùúró méjì tó fọwọ́ sí ìwé fún un náà, ọkàn wọn kì í balẹ̀, wọ́n a sì máa sá fún un ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ nígbà tó nílò wọn jù.

Ohun kan wà tó ń dùn mí lórí ọ̀rọ̀ ìdáwó. Ó dùn mí bí a ṣe ń gbé orúkọ àti iye owó sórí WhatsApp: lágbájá ẹgbẹ̀rún márùn-ún, tàmẹ̀dù ẹgbẹ̀rún kan, pẹ̀lú àwòrán ìyá arúgbó lórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹni tí kò ní ẹgbẹ̀rún kan lọ́wọ́ lóṣù náà ń ka orúkọ àwọn yòókù, ojú ń tì í. Ọmọ aláìsàn ń wo ìyá rẹ̀ lójú gbogbo ayé. Ẹni méjì péré ló yẹ kó mọ ohun tó wọlé àti ẹni tó mú un wá, akápò àti ẹnì kan tó ń bá a ṣọ́ ọ. Bí ẹ bá lè ṣe é, kí owó náà lọ tààrà síbi tí wọ́n ti ń ta oògùn, kí ẹni tó ní aláìsàn má baà tún máa rò ó lọ́kàn bí òun yóò ṣe ròyìn ìnáwó fún ẹgbẹ́.

Ẹ̀bùn kan tún wà tí kò gba owó rárá, àwọn olùkọ́ kì í sì í rántí rẹ̀: ẹ̀jẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún ènìyàn, tàbí tí aboyún bá sun ẹ̀jẹ̀ jù, ilé ìwòsàn máa ń ní kí ẹbí lọ mú ẹni tí yóò fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ wá. Ẹbí a máa sáré kiri lóru, wọ́n a máa bẹ ọlọ́kadà, àwọn mìíràn a sì máa fowó ra á lọ́wọ́ ẹni tí wọn kò mọ̀. Bẹ́ẹ̀, ilé-ẹ̀kọ́ tó ní ogójì olùkọ́ ní ènìyàn tí ara wọn le, tó ti lé ní ọdún méjìdínlógún, tó sì tóbi tó láti fún ni ní ẹ̀jẹ̀. Ẹ jẹ́ kí olúkúlùkù mọ irú ẹ̀jẹ̀ tó ní, kí a kọ ọ́ sílẹ̀ sọ́dọ̀ ẹnì kan tó lè pa ọ̀rọ̀ mọ́. Mo mọ ilé-ẹ̀kọ́ kan tó ṣe é. Ní ọjọ́ tí ìyàwó olùkọ́ wọn kan fẹ́ bímọ tí ọ̀rọ̀ le, olùkọ́ mẹ́ta ló wà lórí ìjókòó ilé ìwòsàn náà kí ọkọ tó parí ìwé tó ń fọwọ́ sí.

Àwọn ọ̀rẹ́ tí kì í ṣe olùkọ́ náà ní ipò wọn. Ẹni tó ń ta oúnjẹ nítòsí iléèwé, tó ti ń kọ gbèsè wa sínú ìwé láti ìgbà tí owó kò ti pé, ọ̀rẹ́ ni. Akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ tó di nọ́ọ̀sì tàbí dókítà, ọ̀rẹ́ ni, nítorí pé ó mọ ẹnu ọ̀nà tó yẹ kí a gbà. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wa tó ti lọ sí Ìlú Ọba láàrin ọdún mélòó kan sẹ́yìn náà wà níbẹ̀. Àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ ń wúwo lé wa lórí, torí pé ọ̀pọ̀ ibi ni wọn kò ti fi ẹlòmíràn rọ́pò wọn. Ṣùgbọ́n mo mọ púpọ̀ nínú wọn tó ń fi owó oògùn ránṣẹ́ sí ọ̀gá wọn àtijọ́ lóṣooṣù láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ jẹ́ ká sọ òtítọ́ méjèèjì nípa wọn.

Mo ní ẹ̀rù kan lórí gbogbo ohun tí mo ti sọ, n kò sì ní fi í pamọ́. Bí a bá ń gba kíláàsì ara wa dáadáa, tí gbogbo nǹkan ń lọ wẹ́rẹ́, ẹni tó gbà wá síṣẹ́ yóò wo iléèwé náà, yóò ní ṣebí kò sí àlàfo. Yóò ní olùkọ́ méjì ń ṣe iṣẹ́ ẹni mẹ́ta, ó sì ń lọ, kí ni a tún fẹ́ gba ẹlòmíràn sí? Inú rere wa lè di ẹ̀rí tí wọ́n fi ń dá wa lẹ́bi. Èyí ni ìdí kejì tí mo fi ní kí ìwé wà. Iye píríọ́dù tí a gbà fún ara wa lọ́dún kan, ẹ kà á, ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹ̀ka ẹgbẹ́ wa, kí ẹgbẹ́ gbé e lọ sórí tábìlì ìdúnàádúrà. Kí a sọ fún wọn pé iṣẹ́ yìí ni ó yẹ kí olùkọ́ tí ẹ kò gbà máa ṣe, àwa la ń ṣe é nígbà tí ìyá ẹlẹgbẹ́ wa ń kú lọ. Àwọn tó dá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀ ní 1931 kò yàn láàrin kí a ran ara wa lọ́wọ́ àti kí a béèrè ẹ̀tọ́ wa. Ẹni tí a bá ràn lọ́wọ́ tí kò ṣubú ni yóò lágbára láti bá wa béèrè.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù, ó sì kan àwọn tí kò sí nínú gbọ̀ngàn yìí: àwọn olùkọ́ PTA. Ẹ mọ̀ wọ́n. Nígbà tí ìjọba kò gba olùkọ́, àwọn òbí ló dá owó tí wọ́n fi mú wọn wá. Nínú ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn, àwọn ló ń kọ́ bíọ́lọ́jì àti kẹ́mísírì títí dé SS3. Wọn kò ní péésílíìpù, wọn kò sí nínú alájẹṣẹ́kù wa, kò sí ìsinmi àìsàn fún wọn. Bí ìyá wọn bá ṣàìsàn tí wọn kò wá, owó ọjọ́ náà lọ nìyẹn, bí wọ́n bá sì pẹ́ kí wọ́n tó padà, wọ́n lè bá ẹlòmíràn lórí àga wọn. Mo ti bá akọ̀wé ẹ̀ka yìí sọ ọ́ ṣáájú ìpàdé, mo sì fẹ́ sọ ọ́ níṣojú gbogbo yín: ní ilé-ẹ̀kọ́ tí ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀ ìwé àárò náà, kí orúkọ olùkọ́ PTA wà nínú rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní, kí a máa gba kíláàsì tiwọn gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń gba ti ara wa, kí ọ̀gá iléèwé sì bá àwọn òbí sọ ọ́ pé owó oṣù ẹni náà kò gbọdọ̀ dín, nítorí pé kíláàsì kò ṣófo. Akọ̀wé ní bébà tí olùdarí ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan yóò fọwọ́ sí wà lórí tábìlì ní ẹnu ọ̀nà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró níbẹ̀ kí ẹ tó jáde.